Àláàmù CO wo ló yẹ ilé tó ń lo jẹnẹrétọ̀? Ìfiwéra fún ará Ògbómọ̀ṣọ́

Bí ẹ bá béèrè "àláàmù èéfín" lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò iná ní Tákié tàbí ní Sábó, oríṣi mẹ́ta ni wọ́n lè gbé síwájú yín. Ọ̀kan ń mọ gáàsì ìdáná, ọ̀kan ń mọ èéfín ilé tó ń jó, ọ̀kan yòókù ló ń mọ CO, ìyẹn kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì tí ojú kò rí, tó ń ti ẹnu sàlẹ́ńsà jẹnẹrétọ̀ jáde. Gbogbo wọn funfun, gbogbo wọn tó àtẹ́lẹwọ́, gbogbo wọn ń ké bí a bá tẹ bọ́tìnnì wọn. Ẹ má torí igbe rà á. Ẹ sọ fún ọlọ́jà pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ka ẹ̀yìn rẹ̀." Bí ẹ bá rí "LPG" tàbí "Combustible Gas" níbẹ̀, ti sílíńdà ìdáná nìyẹn, ìsàlẹ̀ ògiri ni wọ́n ń kàn án mọ́ nítorí gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ẹ bá rí "Smoke" nìkan, iná ilé ló ń ṣọ́. Àfi èyí tí wọ́n kọ "Carbon Monoxide" tàbí "CO" sí lára.

Ohun mẹ́rin ló ń ba àláàmù CO jẹ́ tàbí tó ń sọ ọ́ di aláìwúlò nílùú wa: iná tí kì í dúró, ooru abẹ́ páànù, ọyẹ́, àti bátìrì ínfátà. Ìwé tó bá a wá láti òkèèrè kì í fi bẹ́ẹ̀ ronú kàn wọ́n, nítorí náà, ohun tó dára ní Lọ́ńdọ̀nù lè máà dára ní àdúgbò Under G.

Ohun tí à ń ṣọ́ gan-an

CO kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Òórùn tí à ń gbọ́ lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀, bẹntiróòlù tí kò jó tán àti ọ́ìlì ni. Òórùn yẹn lè lọ kí CO ṣì kù nínú yàrá. Bí a bá fà á símú, ohun pupa tó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ á dì mọ́ ọn, ìdìmọ́ náà sì le ní nǹkan bí ìlọ́po 200 sí 250 ju ti ọ́síjìn lọ. Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀nba díẹ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ ńlá.

ppm ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: 100 ppm ni pé bí a bá pín afẹ́fẹ́ yàrá sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ọgọ́rùn-ún nínú rẹ̀ jẹ́ CO. Ní 400 ppm, orí á máa fọ́ni láàárín wákàtí 1 sí 2. Ní 1,600 ppm, ẹ̀mí lè bọ́ kí wákàtí kan tó pé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù fún, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní "I pass my neighbour", kò nílò àkókò púpọ̀ láti gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n tì pa débẹ̀. Èédú náà ń kọ́? Èyí tó ti pọ́n wẹ̀ẹ̀, tí kò rú èéfín mọ́, tí wọ́n wá gbé wọ yàrá nítorí òtútù ọyẹ́, CO ló ń tú jáde ní gbogbo ìgbà tó fi ń pọ́n.

Imú rẹ̀: oríṣi mẹ́ta

Ohun tó ń gbọ́ CO nínú àláàmù ni wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀. Imú rẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ sì ni owó yín ń lọ.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí páálí rẹ̀ kọ "electrochemical" sí. Inú rẹ̀ ní ásíìdì díẹ̀ àti irin pilatínọ́ọ̀mù. Bí CO bá kan irin náà, á di kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì, iná mànàmáná tíńtínní á sì jáde. Bí CO bá ṣe pọ̀ tó ni iná náà á ṣe pọ̀ tó. Kì í jẹ bátìrì, iye tó ń sọ sì súnmọ́ òótọ́. Àìsàn rẹ̀ ni pé ásíìdì náà lè gbẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn pé kí ooru má kọjá 40°C. Yàrá onípáànù tí kò ní àjà lè kọjá bẹ́ẹ̀ lóṣù kẹta ọdún, nígbà tí oòrùn bá kan orí. Ọyẹ́ ní tirẹ̀ ń fa omi inú rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Kò ní kú lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ẹ má retí kí èyí tí wọ́n ní yóò lo ọdún 10 lò ó tán bó bá jẹ́ abẹ́ páànù gbígbóná ló ń gbé.

Àìsàn rẹ̀ kejì kò hàn sí ọ̀pọ̀ èèyàn. Imú yìí máa ń ṣi gáàsì háídrójìn mú fún CO. Bátìrì ínfátà olómi, èyí tí à ń bu omi sí, máa ń tú háídrójìn jáde bí ó bá ń gba iná, pàápàá bí ó bá ti kún tí iná ṣì ń wọ̀ ọ́. Bí àláàmù bá ń ké lọ́sàn-án gangan, tí jẹnẹrétọ̀ wà ní pípa, tí kò sí èédú nítòsí, tí bátìrì ínfátà sì wà nínú yàrá kan náà, ẹ wo ibẹ̀. Ẹ ṣì jáde síta ná kí ẹ tó máa wádìí. Bátìrì líthíọ́ọ̀mù kì í tú háídrójìn bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni "semiconductor". Ọ́ksáìdì irin tíìnì tí wọ́n ń fi iná mú gbóná ni imú rẹ̀. Gbígbóná yẹn ń jẹ iná, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé onípulọ́ọ̀gì ni púpọ̀ nínú wọn. Ó ń pẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ èèyàn yàtọ̀ séèyàn: asitóònù tí wọ́n fi ń nu èékánná, sípíréè irun, sípíríìtì, ọ̀dà, gbogbo rẹ̀ ló lè mú un ké. Ṣọ́ọ̀bù onídìrí tó ní jẹnẹrétọ̀ lẹ́nu ọ̀nà nílò àláàmù CO ju ọ̀pọ̀ ilé lọ, àmọ́ bí ó bá ra semiconductor, yóò ké títí wọn yóò fi yọ ọ́ lára ògiri. Electrochemical náà kò fẹ́ òórùn púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ní èédú asẹ́ níwájú imú tó ń dènà irú àwọn wọ̀nyí.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì LAUTECH tó ń fi Arduino, pátákó ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí, ṣe iṣẹ́ àkànṣe mọ ọmọ ìyá semiconductor yìí dáadáa: MQ-7. Ohun tó ń ṣì wọ́n lọ́nà níbẹ̀ yẹ ká sọ. MQ-7 nílò fólítì 5 fún ìṣẹ́jú àáyá 60 láti jó ìdọ̀tí ara rẹ̀ dànù, lẹ́yìn náà fólítì 1.4 fún ìṣẹ́jú àáyá 90. Ìparí ìgbà fólítì 1.4 yẹn ni a ń ka CO. Ẹni tó bá so ó mọ́ fólítì 5 tààrà láti àárọ̀ dalẹ́ yóò rí nọ́ńbà, nọ́ńbà náà yóò máa gòkè sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ ni. MQ-2 ní tirẹ̀, gáàsì ìdáná àti èéfín ni wọ́n ń lò ó fún. Àwọn méjèèjì dára fún ìdánwò níwájú olùkọ́. Ẹ má fi ṣọ́ oorun ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹta ni káàdì tó ní àmì roboto tó ń dúdú bí CO bá kàn án. Kò gbówó lórí. Kì í ké. Ẹni tó ń sùn kò lè rí i.

Iná tó ń lò

Níhìn-ín ni ìyàtọ̀ ti pọ̀ jù fún wa, mo sì fi owó mi sórí oníbátìrì láìwẹ̀yìn.

Onípulọ́ọ̀gì dà bí ohun tó rọrùn: ẹ ó kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó parí. Ẹ wo bí alẹ́ ṣe ń lọ ní àdúgbò Adéníkẹ̀ẹ́. NEPA mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ gbéra, àláàmù ń ti ara jẹnẹrétọ̀ jẹun. Ní aago kan òru, bẹntiróòlù tán, jẹnẹrétọ̀ kú. Àláàmù kú pẹ̀lú rẹ̀. CO tó ti kún inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò kú, ó ṣì ń yọ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ìgbà tí à ń fẹ́ igbe rẹ̀ gan-an ló dákẹ́. Bí ẹ bá máa ra onípulọ́ọ̀gì rárá, ẹ rí i pé ó ní bátìrì àfẹ̀yìntì nínú, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò lára iná kí ẹ wò ó bóyá iná ara rẹ̀ ṣì ń tàn. Ohun kan sì tún wà: èyí tí mọ̀lẹ́bí fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, fólítì 120 ló ń jẹ. Tiwa jẹ́ 230 sí 240. Bí ẹ bá ti kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ni yóò jóná. Oníbátìrì láti Amẹ́ríkà kò ní ìṣòro yìí.

Nínú oníbátìrì, ọ̀nà méjì ló wà. Èyí tó ń lo bátìrì AA tàbí 9V rọrùn láti rà, ṣùgbọ́n bátìrì tí wọ́n kọ "Alkaline" sí ló ń fẹ́. Bátìrì olówó pọ́ọ́kú tí à ń fi sí tọ́ọ̀ṣì ń rẹ̀ ẹ́ kíákíá, àláàmù á bẹ̀rẹ̀ sí í dún "pì" lóru, onílé á sì yọ bátìrì dànù. Èyí tó ṣeé gba iná padà kò dára fún un: fólítì 1.2 ló ní dípò 1.5. Wàhálà míràn ni pé àwọn ọmọ á yọ bátìrì náà fún rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n.

Èyí tí wọ́n ti bátìrì líthíọ́ọ̀mù mọ́ inú rẹ̀ pa ló wọ́n jù, kò sì ṣeé yọ bátìrì. Ọdún 7 tàbí 10 ni wọ́n sábà ń kọ sí i. Bí bátìrì bá tán, gbogbo rẹ̀ là ń jù nù, imú rẹ̀ náà á ti darúgbó nígbà yẹn. Fún self-contain akẹ́kọ̀ọ́ tí èèyàn tuntun ń wọ̀ lọ́dọọdún, èyí ló yẹ kí lándílọ́ọ̀dù kàn mọ́ ògiri, nítorí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè yá nínú rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: ó máa ń sùn nínú páálí. Ẹ ní láti ti ìtẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí kí ẹ lọ́ ọ mọ́ ìdè rẹ̀ kó tó jí. Àwọn tó kàn án mọ́ ògiri láìjí i pọ̀.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Rárá. Fìríìjì tòkunbọ̀ lè dára, àláàmù tòkunbọ̀ lè ti kọjá ọjọ́ rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ wo "Replace by" lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ku ọdún méjì, ọdún méjì lẹ rà.

EN 50291 àti UL 2034

Ọ̀kan nínú nọ́ńbà méjì yìí gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìlànà tí wọ́n fi ń dán àláàmù CO wò ni wọ́n: ti Yúróòpù ni EN, ti Amẹ́ríkà ni UL. Wọn kò ké ní àkókò kan náà.

EN 50291:
30 ppm: kò gbọdọ̀ ké kí ìṣẹ́jú 120 tó pé
50 ppm: láàárín ìṣẹ́jú 60 sí 90
100 ppm: láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 40
300 ppm: kí ìṣẹ́jú 3 tó pé

UL 2034:
70 ppm: láàárín ìṣẹ́jú 60 sí 240
150 ppm: láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 50
400 ppm: láàárín ìṣẹ́jú 4 sí 15

Ẹ rí i pé EN tètè ń ké ju UL lọ. Ìdádúró náà kì í ṣe àbùkù: iye CO àti bó ṣe pẹ́ lára ló ń pani, àláàmù sì ń ṣe ìṣirò méjèèjì pọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní ké bí ọ̀kadà kan bá kọjá lẹ́bàá fèrèsé. Ṣùgbọ́n fún ilé tí ọmọ ọwọ́, aláboyún tàbí ẹni tó ní àìsàn ọkàn wà, EN ni kí ẹ mú. Èyí tí kò ní nọ́ńbà kankan lẹ́yìn, bó ti wù kí nọ́ńbà ojú rẹ̀ máa tàn búlúù tó, ẹ fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà.

EN pín sí méjì. 50291-1 jẹ́ ti ilé. 50291-2 jẹ́ ti ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ tí èèyàn ń sùn sí, ó sì gbọ́dọ̀ fara da gbígbọ̀n. Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní òkun, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin la wà, àwọn awakọ̀ tírélà sì ń sùn sínú orí ọkọ̀. Àláàmù ilé lè má pẹ́ lórí ọ̀nà yẹn. Awakọ̀ tó fẹ́ ra 50291-2, kó mú oníbátìrì: èyí tí wọ́n ń so mọ́ wáyà ọkọ̀ ojú omi, fólítì 12 ló sábà máa ń jẹ́, 24 sì ni ti tírélà.

Èyí tó ní ojú àti èyí tí kò ní

Àláàmù tí kò ní ojú ń ké, ó sì parí. Èyí tó ní ojú ń kọ iye ppm. Mo yan èyí tó ní ojú, nítorí pé ó ń sọ fún yín pé jẹnẹrétọ̀ tí ẹ rò pé ó jìnnà kò jìnnà. Ẹ tan jẹnẹrétọ̀ fún ìṣẹ́jú 30 bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ wo ojú rẹ̀ nínú yàrá. Bí ó bá ń gòkè láti 0 lọ sí 35, ẹ ti rí ìdáhùn kí ẹnikẹ́ni tó sùn. Ẹ mọ̀ ṣá pé ọ̀pọ̀ àláàmù UL kì í fi nọ́ńbà tó wà lábẹ́ 30 hàn, 0 ni yóò máa kọ. "0" rẹ̀ kì í ṣe òfo.

Alájọpọ̀ èéfín àti CO ń kọ́? Ní òkèèrè, ó dára. Ní ilé tí wọ́n ti ń dín dòdò ní ẹnu ọ̀nà yàrá, ọwọ́ èéfín rẹ̀ á máa ké lójoojúmọ́, ẹnì kan á sì yọ bátìrì, CO á sì di aláìníṣọ́. Ẹ ra wọn lọ́tọ̀.

Ibi tí a ó kàn án mọ́

Àláàmù kan ni ẹ ní? Yàrá tí ẹ ń sùn ni kó wà, kó ga tó ibi tí orí yín ń wà lórí bẹ́ẹ̀dì. CO fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo bákan náà pẹ̀lú afẹ́fẹ́, kò ní wọlẹ̀ bíi gáàsì ìdáná, nítorí náà kò sí ìdí láti fi í sí ìsàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ yàrá tí sítóòfù tàbí èédú wà, ẹ gbé e sí mítà 1 sí 3 sí i, kó sì fi ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 15 jìnnà sí àjà. Ẹ má fi í sẹ́yìn kọ́tìnnì, ẹ má fi í sẹ́nu fèrèsé, ẹ má fi í sí ibi tí fáànù ń fẹ́ tààrà, ẹ má fi í sí ilé ìwẹ̀. Ní ilé ọlọ́dẹ̀dẹ̀ tí yàrá kọjú síra, ọ̀kan yẹ kó wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gan-an, nítorí èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kì í béèrè ẹni tó ni ín.

Àláàmù kì í sì í tún ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà ṣe. Mítà 6 sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹnu sàlẹ́ńsà kọjú síta. Kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í ṣe bálíkónì, kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀bù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí ní ìdajì.

Igbe rẹ̀

"Pì" ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tàbí ìdajì ìṣẹ́jú: bátìrì ń rẹ̀ ẹ́, tàbí imú rẹ̀ ti darúgbó. Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ti kọ èyí tó jẹ́. "Pì-pì-pì-pì", mẹ́rin léra wọn, kó dákẹ́, kó tún bẹ̀rẹ̀: CO ni. Mẹ́ta léra wọn lórí alájọpọ̀: iná ń jó.

Bọ́tìnnì "Test" ń dán fèrè àti wáyà inú rẹ̀ wò, kì í sábà dán imú rẹ̀ wò. Ẹ má gbé e lọ sí ẹnu sàlẹ́ńsà jẹnẹrétọ̀ kí ẹ lè "rí i bóyá ó ń ṣiṣẹ́". Dúdú èéfín àti CO tó pọ̀ jù lè ba imú náà jẹ́, á ké lónìí, kò ní ké lọ́jọ́ tí ẹ nílò rẹ̀.

Bí mẹ́rin-mẹ́rin bá dún, ẹ má kàn ṣí fèrèsé kí ẹ padà sùn. Gbogbo èèyàn á jáde, ẹ ó ka orí wọn, ẹ ó pa jẹnẹrétọ̀ láti ìta. Ẹni tí orí ń fọ́, tí èébì ń gbé, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mutí, ilé ìwòsàn ni, ì báà jẹ́ Bowen tàbí LAUTECH Teaching Hospital, èyíkéyìí tó bá sún mọ́. Epo pupa àti mílíìkì tí à ń sáré bù fún ẹni tó fa èéfín kò lè ṣe nǹkan kan: inú ẹ̀jẹ̀ ni CO wà, kò sí nínú ikùn. Ẹni tí kò mọra rẹ̀ sì lè fi mílíìkì náà há ọ̀fun. Ọ́síjìn ni ìwòsàn rẹ̀. Láìsí i, wákàtí 4 sí 5 ni ara fi ń lé ìdajì CO jáde. Bí wọ́n bá fi ọ́síjìn sí i nímú, nǹkan bí wákàtí kan sí kan àbọ̀ ni.

Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀ pé jẹnẹrétọ̀ ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ kì í mọ CO yàtọ̀ sí ọ́síjìn, ó lè kọ 98 fún ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ ń lọ. Ibí ni ojú àláàmù tún ti wúlò: ọ̀pọ̀ nínú wọn ní bọ́tìnnì "Peak" tó ń rántí iye tó ga jù lọ. Lẹ́yìn tí ilé bá ti fẹ́ tán, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi fóònù ya nọ́ńbà náà, ẹ fi han dókítà.